Ta ni yóò kọ́kọ́ rí àbùkù ọkọ̀ abẹ́ omi: ẹnjiníà ni àbí òkun?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà gbé ìwádìí wọn jáde lórí Titan, ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré tó fọ́ mọ́ èèyàn márùn-ún lórí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 nígbà tí wọ́n ń lọ wo àfọ́kù Titanic. Ìwé náà lé ní 300 ojú ewé, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ló gba iwájú nínú rẹ̀: jàǹbá náà ṣeé dènà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ìjọba Ọsirélíà ti kéde pé àwọn yóò ná bílíọ̀nù 1.7 dọ́là owó ilẹ̀ wọn lórí Ghost Shark, ọkọ̀ abẹ́ omi ológun tí kò ní sẹ́ni kankan nínú rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ni yóò máa darí ẹ̀.

Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ló wà nídìí àwọn méjèèjì, ìbéèrè ọ̀hún sì ti pẹ́ bí ọkọ̀ abẹ́ omi fúnra rẹ̀: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé nǹkan máa ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ òkun kó tó sọ ọ́ sínú òkun?

Láyé ijọ́un, ìdánwò ò ju pé kéèyàn wọ inú ẹ̀ lọ. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ọkọ̀ abẹ́ omi kan tí wọ́n ń pè ní H. L. Hunley rì lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 1863 kó tó rí ọ̀tá kankan bá jà. Ó pa èèyàn márùn-ún lẹ́ẹ̀kíní, ó pa mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gbẹ́ni Hunley tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀ náà sì wà lára àwọn mẹ́jọ yẹn. Wọ́n fà á jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n wá àwọn míì tó máa wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1864 ó ri ọkọ̀ ogun Housatonic, òun náà ò sì padà wálé.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn jíjìn odò. Gbogbo iṣẹ́ àwọn tó ń dán ohun èlò abẹ́ omi wò lónìí ni láti wá ẹsẹ̀ kan tí wọ́n lè kọ́kọ́ tì bọ omi. Ohun tó wá le níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kan ọ̀hún máa ń parọ́ fún wọn nígbà míì.

Kí ni omi ń ṣe fún nǹkan?

Gbogbo mítà 10 téèyàn bá wọlẹ̀ nínú òkun, omi á tún di ẹrù kan lé èyí tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹrù náà á sì tó gbogbo afẹ́fẹ́ ayé tó ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ lórí ìyàngbẹ ilẹ̀. Níbi tí Titanic sùn sí, nǹkan bíi mítà 3,800 sísàlẹ̀, ẹrù ọ̀hún ti di ìlọ́po 380. Lórí ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná ọwọ́ lọ, ó ń sún mọ́ 400 kìlógíráàmù. Ní ibi tó jìn jù lọ nínú òkun ayé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 11,000, ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ lórí èékánná yẹn kan náà.

Ìfúnpọ̀ yìí nìkan kọ́ ni wàhálà. Ìgbì rédíò kì í rìn jìnnà nínú omi iyọ̀, nítorí náà kò sí GPS, kò sí fóònù, kò sí ẹni tó máa pe ọkọ̀ pé "yà sápá òsì". Ìró ló ń rìn dáadáa níbẹ̀, bíi mítà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ìró lè gbé kò tó nǹkan. Omi iyọ̀ ń jẹ irin, òtútù sì ń jẹ bátìrì.

Tọ́pídò tó kọ̀ tí kò bú

Kí n tó dé orí ọkọ̀ òde òní, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ tọ́pídò kan, ìyẹn ohun ìjà abúgbàù tó ń dá rìn nínú omi lọ bá ọkọ̀ ọ̀tá, torí mi ò tíì rí ìtàn tó fi ewu ìdánwò tí kò péye hàn tó o.

Ní ìlú Newport, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, Amẹ́ríkà ti dá ibùdó tọ́pídò sílẹ̀ láti ọdún 1869. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe èyí tí wọ́n pè ní Mark 14 kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìhùmọ̀ kan sí i tí wọ́n fi ṣe àṣírí gidigidi: tọ́pídò náà á gba abẹ́ ọkọ̀ ọ̀tá kọjá, á mọ̀ nípa agbára máágínẹ́ẹ̀tì pé irin ọkọ̀ ti wà lókè orí òun, á sì bú níbẹ̀, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà dá sí méjì. Lórí ìwé, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n tọ́pídò kan ń náni ní nǹkan bí 10,000 dọ́là, owó sì wọ́n ńlẹ̀ nígbà náà, ta ló fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣòfò? Ìgbà tí wọ́n fi ohun ìbúgbàù gidi dán ìhùmọ̀ máágínẹ́ẹ̀tì náà wò, ní ọdún 1926, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n yìn ín lu ògbólógbòó ọkọ̀ abẹ́ omi kan. Ti àkọ́kọ́ kò bú. Èkejì bú. Wọ́n ní ó ti yege.

Nígbà tí ogun dé, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sílé pé tọ́pídò àwọn ń gba abẹ́ ọkọ̀ ọ̀tá kọjá láìṣe nǹkan kan, tàbí kó bú kó tó débẹ̀. Èsì tí ẹ̀ka tó ń ṣe ohun ìjà fún wọn ni pé wọn ò mọ̀ ọ́n yìn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1942, Ọ̀gágun Charles Lockwood tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà kò gba ẹjọ́ yẹn. Ó ní kí wọ́n ra àwọ̀n apẹja, kí wọ́n ta á sínú omi nítòsí ìlú Albany, kí wọ́n sì yin tọ́pídò gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ibi tí àwọ̀n ti lu. Tọ́pídò ń rìn ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ní kó rìn. Àwọ̀n apẹja lásán ló sọ òtítọ́ tí ibùdó ńlá kan pẹ̀lú gbogbo ohun èlò rẹ̀ kò rí.

Báwo ni wọn ò ṣe rí i? Ibi tí wọ́n fi ohun tó ń mọ ìjìnlẹ̀ sí lára tọ́pídò, nítòsí ìrù, omi tó ń sáré kọjá níbẹ̀ ń dín ìfúnpọ̀ kù, torí náà tọ́pídò rò pé òkè lòun wà, ó sì tún ń wọlẹ̀ sí i. Orí tí wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò fúyẹ́ ju orí tó ní ohun ìbúgbàù gidi. Èyí tó wá burú jù ni pé ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìjìnlẹ̀ nígbà ìdánwò náà ń ṣàṣìṣe sí apá kan náà. Òṣùwọ̀n àti ohun tí wọ́n ń wọ̀n jọ ń purọ́, irọ́ wọn sì bára mu régí. Ó pẹ́ tí mo ti ka ìtàn yìí, síbẹ̀ ibẹ̀ yẹn ṣì máa ń dá mi dúró.

Wọ́n tún ìjìnlẹ̀ ṣe, wọ́n pa ìhùmọ̀ máágínẹ́ẹ̀tì tì, nígbà náà ni àbùkù kẹta wá hàn, èyí tí méjì àkọ́kọ́ ti bò mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1943, ọkọ̀ abẹ́ omi Tinosa bá ọkọ̀ epo ńlá ilẹ̀ Jàpáánù kan, Tonan Maru No. 3. Ó yin tọ́pídò 15 sí i, 11 nínú wọn kọ̀ tí wọn ò bú. Ọkọ̀ náà ti dúró sójú kan, ọ̀gá Tinosa wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, ó dojú kọ ọ́ tààrà, ó ń yìn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbàà, kò bú. Gbàà, kò bú. Ó fi ẹyọ kan pamọ́, ó gbé e padà lọ sí Hawaii pé kí wọ́n wá wò ó.

Ní Hawaii, wọ́n yin mẹ́ta lu òkè etí omi ní erékùṣù Kahoolawe, ẹ̀kẹta ò bú, wọ́n sì lọ gbé e bẹ́ẹ̀, ohun ìbúgbàù ṣì wà nínú rẹ̀. (Àwọn tó lọ gbé e yẹn, kí ẹ fojú inú wo ọ̀nà tí wọ́n gbà rìn lọ síbẹ̀.) Lẹ́yìn náà wọ́n fi kéréènì ju orí tọ́pídò tí kò ní ohun ìbúgbàù sílẹ̀ láti òkè mítà 27 sórí irin. Bó bá balẹ̀ ní gbọnrangandan, méje nínú mẹ́wàá kì í ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá dá irin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jùyẹn lọ. Ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá yìn ín dáadáa jù lọ ni kì í bú fún. Mark 14 yára ju tọ́pídò tó wà ṣáájú rẹ̀ lọ, bó bá forí gbá irin, ìforígbárí náà le débi pé abẹ́rẹ́ tó yẹ kó tan iná á há sójú ọ̀nà. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ tuntun tó fúyẹ́, a sì gbọ́ pé díẹ̀ lára irin tí wọ́n fi ṣe é wá láti ara abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú Jàpáánù tó já lulẹ̀ ní Pearl Harbor.

Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ ó lé tí wọ́n ti ń fi tọ́pídò yìí jagun.

Asẹ́ tó di yìnyín

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1963, ọkọ̀ abẹ́ omi Thresher ti Amẹ́ríkà jáde lọ fún ìdánwò wíwọ inú ibú, nǹkan bíi kìlómítà 350 sí ìlà oòrùn Cape Cod. Èèyàn 129 ló wà nínú rẹ̀, 17 lára wọn kì í ṣe sọ́jà rárá: àwọn òṣìṣẹ́ tó wá wo bí àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣe sí ni. Ọkọ̀ Skylark dúró lójú omi, ó ń fi tẹlifóònù abẹ́ omi bá wọn sọ̀rọ̀. Thresher sọ pé ìṣòro kékeré kan yọjú, pé àwọn ń gbìyànjú láti fẹ́ omi jáde nínú táǹkì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí kò já geere. Lẹ́yìn ìyẹn, ìró irin tó ń wó.

Wọ́n rí àfọ́kù rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 2,560 sísàlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oríkèé páìpù kan ló já, tí omi fi wọlé. Fàdákà ni wọ́n fi jó ọ̀pọ̀ oríkèé wọ̀nyẹn pọ̀, wọ́n sì ń lọ sí bí 3,000. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ibi àtúnṣe, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú irin, irú èyí tí dókítà fi ń wo aláboyún, yẹ 145 wò nínú wọn. Ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún kò dé ojú òṣùwọ̀n. Ohun tí wọ́n ṣe sí èsì yẹn ni pé wọn ò wo ìyókù mọ́.

Bí páìpù bá tilẹ̀ já, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún sínú àgbá lè ti omi jáde kúrò nínú táǹkì kí ọkọ̀ gòkè. Kí ló dé tí kò gòkè? Lẹ́yìn jàǹbá náà, wọ́n lọ síbi ọkọ̀ kan tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà, ó ṣì wà létí omi, wọ́n ní kí wọ́n ṣí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán pátápátá bí ẹni pé nǹkan ti bàjẹ́ lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá ń jáde nínú àgbá pẹ̀lú ipá máa ń tutù nini. Ìrì inú rẹ̀ di yìnyín sára asẹ́ tó wà lójú ọ̀nà, yìnyín dí asẹ́ pa, afẹ́fẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó ti ṣí i tó báyẹn rí. Orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò yìí ni Tinosa. Ọkọ̀ mìíràn ni o, orúkọ ti ìgbà ogun ni wọ́n tún fún un, àmọ́ ó dà bíi pé orúkọ náà ò lè rí ibi tí ìdánwò ti kù káàtó kó má yà síbẹ̀.

Ohun tó jáde lára ikú àwọn 129 yìí ni ètò tí wọ́n ń pè ní SUBSAFE, ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Kò sí ìhùmọ̀ tuntun kankan nínú rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí: irin wo ni wọ́n fi ṣe oríkèé yìí, ta ló jó o, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ wo, níbo ni èsì rẹ̀ wà. Bí ìwé bá sọnù, oríkèé náà kò ní ẹ̀rí, bó ti wù kó dára tó. Láàárín ọdún 1915 sí 1963, ọkọ̀ abẹ́ omi 16 ni Amẹ́ríkà pàdánù láìjẹ́ pé ogun ló fà á. Láti 1963 wá, ẹyọ kan ni, Scorpion, tó bá èèyàn 99 lọ ní ọdún 1968, òun náà kò sì tíì gba ìwé-ẹ̀rí SUBSAFE. Iṣẹ́ akọ̀wé ló gba ẹ̀mí là jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò akọ̀wé sójú ìwé ìròyìn.

Adágún tó jìnnà sí òkun

Níbo ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ìdánwò wọ̀nyí? Ní nǹkan bí ọdún 1871, William Froude gbẹ́ odò gbọọrọ kan sí Torquay nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fa ọkọ̀ kéékèèké nínú rẹ̀ láti mọ bí omi yóò ṣe ṣe ọkọ̀ ńlá. Irú odò inú ilé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé báyìí. Èyí tó wà ní Carderock, ní Maryland, gùn débi pé ilé tí wọ́n kọ́ lé e lórí tó kìlómítà kan.

Ṣùgbọ́n èèyàn lè dín ọkọ̀ kù, kò lè dín omi kù. Bí omi ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, bó ṣe ń yí gbirigbiri lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, kì í rí bákan náà lára ọkọ̀ tó gùn ní mítà mẹ́ta àti èyí tó gùn ní 100. Fún ariwo ọkọ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń pinnu bóyá ọ̀tá máa gbọ́ ọ, àwòṣe kékeré kò tó. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi ní ibùdó nínú adágún Pend Oreille ní ìpínlẹ̀ Idaho, láàárín àwọn òkè, níbi tó jìn sí òkun dáadáa. Adágún náà jìn tó nǹkan bíi mítà 350, omi rẹ̀ dákẹ́, ìwọ̀n òtútù rẹ̀ kì í sì yí padà nísàlẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ abẹ́ omi tí kò ní èèyàn nínú níbẹ̀, Cutthroat ni orúkọ rẹ̀, ó gùn ní nǹkan bíi mítà 34. Àwòṣe ni wọ́n ń pè é o. Kí ni yóò dé tí wọn ò ní pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọkọ̀?

Bó bá di ti ọkọ̀ gidi àti tọ́pídò gidi, wọ́n ń lọ sí ibùdó AUTEC ní erékùṣù Andros ní Bàhámà, níbi tí òkun ti ya ọ̀nà gbọọrọ kan tó jìn tó mítà 1,800 ní àwọn ibì kan, tí àwọn òkúta àti ilẹ̀ tí kò jìn sì yí i ká, tí ariwo ọkọ̀ ìta kò fi ráyè wọbẹ̀. Wọ́n to ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á mọ ibi tí nǹkan gbà kọjá gan-an. Àwọ̀n Lockwood ti di ti ìgbàlódé.

Ti ìfúnpọ̀ yàtọ̀. Inú àgbá irin tó nípọn ni wọ́n ń gbé nǹkan sí, omi ni wọ́n sì ń fún mọ́ ọn, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ tó báyẹn, bí nǹkan bá já, bọ́ǹbù ni. Omi kì í fún pọ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá já, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Àgbá tó lè gba odindi ilé ara ọkọ̀, tó tún lè dé ìfúnpọ̀ ìsàlẹ̀ òkun, kò pọ̀ láyé. Nígbà tí wọ́n kọ́ Limiting Factor, ọkọ̀ tó gbé èèyàn lọ síbi tó jìn jù lọ léraléra láti ọdún 2019, St. Petersburg ní Rọ́ṣíà ni wọ́n gbé ilé ara rẹ̀ tí wọ́n fi irin titanium ṣe lọ fún ìdánwò.

Okùn tí wọ́n fi ń ti nǹkan

A lè wá padà sórí Titan. Titanium tí wọ́n ṣe róbótó bíi bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí irú ibú bẹ́ẹ̀ ń lò, torí bọ́ọ̀lù ń pín ẹrù káàkiri ara. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń gbà. Iléeṣẹ́ OceanGate tó ṣe Titan fẹ́ gbé márùn-ún, wọ́n sì fi carbon fibre ṣe ara ọkọ̀ bí àgbá gbọọrọ, ó nípọn ní nǹkan bí íǹṣì márùn-ún, titanium ni wọ́n fi dé e lórí níhà méjèèjì.

Fọ́nrán ni carbon fibre, ẹ jẹ́ ká ní okùn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Okùn dára fún fífà. Ta ló ń fi okùn ti nǹkan? Ní ìsàlẹ̀ òkun, títì ni omi ń tì. Gọ́ọ̀mù ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, bí àlàfo kékeré bá sì wà láàárín ìpele méjì, ibẹ̀ ni ìpele á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Àwọn tó yẹ ara Titan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀ rí àlàfo, wọ́n sì rí ibi tó ká jọ. Irin ń rẹ̀, àmọ́ àwọn ẹnjiníà ti ń ṣàkọsílẹ̀ bó ṣe ń rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìrírí irú bẹ́ẹ̀ fún carbon fibre tí omi ń fún pọ̀, tó sì ní èèyàn nínú, kò sí.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2018, ọ̀gá kan nínú iléeṣẹ́ náà kọ ìwé ìkìlọ̀, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ tó lé ní 30 nínú iṣẹ́ ọkọ̀ abẹ́ omi kọ lẹ́tà pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àjọ tó ń fún ọkọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì iléeṣẹ́ náà ni pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń fa ọwọ́ aago ìhùmọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ti fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró sínú rẹ̀, bí fọ́nrán bá ń já, àwọn á gbọ́.

Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2022, bí Titan ṣe ń gòkè bọ̀ láti ìrìn rẹ̀ kan, nǹkan ró gbàù. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, nọ́ńbà tí ohun èlò inú ọkọ̀ ń kọ sílẹ̀ nípa bí ara rẹ̀ ṣe ń fà tí ó ń sún yí padà. Ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀, èèyàn ni kò ka ohun tó kọ. Ìta gbangba ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí nígbà òtútù ilẹ̀ Kánádà, bí ọdún sì ti yípo, wọ́n tún gbé e lọ. Nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn tó wọ omi ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, wọ́n ní, mo sì gbà pé ó gbà gbọ́ tọkàntọkàn nínú ohun tó kọ́, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́. Ìgbàgbọ́ ò sí lára ohun tí àgbá ìfúnpọ̀ ń wọ̀n.

Ìwé-àṣẹ kì í ṣe ẹ̀rí

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ń dà pọ̀ nígbà tí wọ́n bá kà á pé iléeṣẹ́ ológun ti "ṣe ìhùmọ̀ tuntun" nínú iṣẹ́ abẹ́ omi. Ìwé-àṣẹ oníhùmọ̀ ń sọ pé nǹkan jẹ́ tuntun, pé ẹlòmíràn ò tíì gba orúkọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sọ pé wọ́n ti jù ú sómi. Newport, ilé Mark 14 àtijọ́, ṣì wà lára ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń jáde fún ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà: sónà tó ń fi ìró wá nǹkan lábẹ́ omi, ọ̀nà tuntun tí ọkọ̀ yóò máa gbà tú tọ́pídò sílẹ̀, awọ tó ń dín ariwo kù. Ìjọba ló ni ìhùmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ aládàáni lè wá gbà á lò, òfin sì ní kí wọ́n fún ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ ní ó kéré tán ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá ti ibẹ̀ wọlé. Àwọn míì sì wà tí òfin ọdún 1951 gbà láyè kí ìjọba fi pamọ́.

Ní ọdún 2018, wọ́n fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní ìwé-àṣẹ fún ọkọ̀ kan tí wọ́n ní yóò máa fò lófuurufú, yóò sì tún máa wọ inú omi, nítorí pé yóò lè dín ìwúwo ara rẹ̀ kù. Wọ́n ná bí ìdajì mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́ta láti dán èrò tó wà nídìí rẹ̀ wò. Kò sí ohun tó hàn. Síbẹ̀, ìwé-àṣẹ ti jáde.

Bí kò bá sẹ́ni nínú rẹ̀ ńkọ́?

Ọkọ̀ abẹ́ omi tí kò ní èèyàn kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1966, ẹ̀rọ CURV tí wọ́n ń fi wáyà darí ló fa bọ́ǹbù háídírójìn tó já sómi nítòsí Palomares ní Sípéènì jáde. Ní ọdún 2003, ẹ̀rọ kékeré REMUS wá bọ́ǹbù kiri nínú omi èbúté Umm Qasr ní Ìráàkì. Ní ọdún 2009, Scarlet Knight, tí àwọn ará Yunifásítì Rutgers rán níṣẹ́, fi ọjọ́ 221 ré òkun Àtìláńtíìkì kọjá láìní abẹ̀bẹ̀, ó ń wọlẹ̀, ó ń gòkè, ìyẹn ló ń gbé e lọ síwájú.

Ohun tó yí padà ni bí wọ́n ṣe tóbi tó, àti bí kánjúkánjú ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ti ń gé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì nínú òkun Báltíìkì, páìpù gáàsì Nord Stream bú ní ọdún 2022, gbogbo ìjọba ló fẹ́ ojú nísàlẹ̀ omi. Orca tí Boeing ń ṣe fún Amẹ́ríkà gùn ní mítà 26. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àjọ tó ń yẹ owó ìjọba wò níbẹ̀ ní ó ti fi ó kéré tán ọdún mẹ́ta pẹ́, owó rẹ̀ sì ti fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 242 dọ́là ju iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e lọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi agbaṣẹ́ṣe náà léèrè bóyá ó ti ṣe tán láti kọ́ ọ kí wọ́n tó ní kó bẹ̀rẹ̀. Manta Ray, ọkọ̀ mìíràn tí kò ní èèyàn nínú, tiẹ̀ wọ omi nítòsí gúúsù California ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Àwọn tó ń polówó ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń sọ pé kò ní pa ẹnikẹ́ni, torí náà a lè yára. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ òótọ́. Àmọ́ bátìrì ò mọ̀ bóyá èèyàn wà nítòsí: ní ọdún 2008, bátìrì inú ọkọ̀ kékeré àwọn àkànṣe ọmọ ogun SEAL ti Amẹ́ríkà gbiná ní Pearl Harbor níbi tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná kún un, ó jó fún wákàtí mẹ́fà, kò sì pé ọdún kan tí wọ́n pa gbogbo iṣẹ́ náà tì. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ò ṣeé gbé sínú àgbá ìfúnpọ̀. Oríkèé páìpù 3,000 ṣeé kà. Ohun tí ọkọ̀ tó ń dá ronú lè pàdé nínú oṣù kan lábẹ́ òkun kò ṣeé kà, torí náà inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò rẹ̀, wọ́n á hun òkun ayédèrú, wọ́n á ní kó máa rìn nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà. Ẹni tó hun òkun yẹn máa ń jẹ́ ẹni kan náà tó kọ́ ọkọ̀. Èmi ò lè ka ibẹ̀ kí n má rántí òṣùwọ̀n ìjìnlẹ̀ ti Newport.

Ó sì tún ku ti Nereus. Ẹ̀rọ ìwádìí ni, ti ibùdó ìwádìí òkun Woods Hole ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ó wọ inú ibú tó jìn jù lọ láyé, ó dé mítà 10,902, ó sì padà wálé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ó wà ní nǹkan bíi mítà 9,900 nínú ibú Kermadec nítòsí New Zealand, ibi tí kò jìn tó ibi tó ti lọ tó ti bọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan lára àwọn bọ́ọ̀lù seramiki tó ń gbé e léfòó ló kọ́kọ́ fọ́, kó sì fọ́ ìyókù. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lókè dúró, wọ́n ń wo ojú omi, títí èérún funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó wá bá wọn.